Nínú Agolo Ọ̀gá Àlàmú

Sátidé la sin ọ̀gá.
Ní Mọ́ńdè, ìyàwó rẹ̀ gbé agolo Bọ́nfítà kan wá
sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Arówómọlé nílùú Ògbómọ̀ṣọ́,
ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà,
ó ní, "Àwẹ̀ró, ìwọ lo bá a ṣiṣẹ́.
Ṣa èyí tó bá wúlò. Da ìyókù nù."

Mo dà wọ́n sórí tábìlì.
Wọ́n dún bí ẹ̀gúsí gbígbẹ nínú abọ́ tánganran.

Àwọn rẹsísítọ̀ ni mo kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀,
torí wọ́n kọlà.
Ta ní ń bi ẹni tó kọ gọ̀ǹbọ́ léèrè ilé?
Ọ̀gá kò fìwé kọ́ mi; ohun tó wà láyìíká ló fi kọ́ mi:
pákó ni ení, ẹ̀jẹ̀ ni èjì, ọsàn ni ẹ̀ta,
ìyeyè ni ẹ̀rin, ewé ni àrún, aró ni ẹ̀fà,
àlùkò ni èje, eérú ni ẹ̀jọ,
ẹ̀sán funfun bí ẹfun.
"Dúdú ńkọ́, ọ̀gá?"
"Òfo ni dúdú. Má fojú di í.
Jẹ́ kó dúró lẹ́yìn ení, kí o wo bí yóò ṣe di ẹ̀wá."

Ṣùgbọ́n iná ti jó òmíràn nínú wọn,
ẹ̀jẹ̀ ti di pákó, pákó ti di èédú.
Èyí tí ojú bá parọ́ fún mi nípa rẹ̀, mo fi mítà bi í.
Mítà kì í wojú ẹni.

Kọ́ńdẹ́ńsà kan wà tí wọ́n fi ìda bò,
ti ayé ìgbà tí bàbá mi kò tíì gbé ìyá mi níyàwó.
Ìda ti yọ́, ó lẹ̀ mọ́ mi léèékánná.
Ó ti kú. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jẹ́ẹ́.

Fáàfù méjì, gíláàsì lásán, kò sí nọ́ńbà lára wọn mọ́.
Mo rántí: ọ̀gá a máa gbé irú ẹ̀ súnmọ́ ẹnu,
á mí hàá sí i
bí ẹni fẹ́ nu dígí.
Èmi náà mí sí i.
Nọ́ńbà yọ, funfun, tín-ín-rín;
kí n tó kọ ọ́ tán, ó ti padà wọlé.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mí kí n tó gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti kan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin.
Tiransísítọ̀ tí mo mọ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni,
ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù:
ọ̀kan ń gbà, ọ̀kan ń fún ni, ọ̀kan ń pàṣẹ.
Kí ni ìkẹrin ń ṣe?
Mo fi mítà kàn án. Gbogbo ẹsẹ̀ ń bá gbogbo ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀
bí ilé tí kò ní ògiri.
Ó kù díẹ̀ kí n jù ú sí garawa,
ni mo bá ṣí ìwé ọ̀gá, èyí tí sódà ti jó létí.
Lẹ́yìn gbèsè Ìyá Oníbúrẹ́dì
àti nọ́ńbà fóònù kan tí kò pé,
ó wà níbẹ̀, bírò pupa ló fi kọ ọ́:
"Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Irun máa ń hù nínú rẹ̀ tó bá pẹ́.
Gé ìkẹrin."

Irun! Nínú irin!
Nínú òkùnkùn agolo, níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò ó,
ó ń hurun díẹ̀díẹ̀ títí irun fi kan ògiri.

Mo fi èmú gé e.
Mo jó o mọ́ rédíò onípákó
tí Alàgbà Ayọ̀ọlá ti fi sílẹ̀ láti ọjọ́ Àjíǹde.
Ó kọ́kọ́ hó bí òjò lórí páànù,
lẹ́yìn náà ni ẹnìkan ń ka iye owó àgbàdo ní Ìlọrin.

Ọ̀kan ló kù: ó rí rógódó, àwọ̀ ewé, kò kọlà,
kò nẹ́sẹ̀ ju ẹyọ kan, mítà ò gbọ́ èdè rẹ̀.
Mo mí sí i. Kò dáhùn.
Bóyá ìlẹ̀kẹ̀ ni.

Ìyàwó ọ̀gá kọjá nírọ̀lẹ́, ó ní ṣé mo ti da ìyókù nù.
Mo ní, "Rárá o, mà.
N kò tíì mọ orúkọ wọn tán."